Ohun Tí Ẹ Rà Sórí Fóònù Yín, Ta Ni Ó Ni Ín?

Ní oṣù Keje ọdún 2009, àwọn kan tí wọ́n ti fi owó wọn ra ìwé méjì tí George Orwell kọ, tí wọ́n sì ti gbà wọ́n sórí Kindle, ìyẹn ẹ̀rọ ìkàwé tí ilé-iṣẹ́ Amazon ń tà, ṣí ẹ̀rọ wọn, wọn kò sì rí àwọn ìwé náà mọ́. Olè kọ́ ni ó jà wọ́n. Amazon fúnra rẹ̀ ni ó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ẹ̀rọ àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ, tí ó yọ ìwé kúrò níbẹ̀, tí ó sì dá owó wọn padà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ẹni tí ó gbé àwọn ìwé náà sórí àtẹ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà wọ́n ní Amẹ́ríkà. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ìpínlẹ̀ Michigan wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá: gbogbo àkọsílẹ̀ tí ó ti ń ṣe bí ó ṣe ń ka ìwé náà fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ìtumọ̀ mọ́, nítorí pé ojú ewé tí wọ́n ń tọ́ka sí ti lọ. Jeff Bezos, olùdásílẹ̀ Amazon, tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì gbà pé ìwà òmùgọ̀ ni ilé-iṣẹ́ òun hù. Ọ̀kan nínú ìwé méjèèjì ni 1984, tí ó dá lórí ìjọba kan tí ó máa ń pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́, àwọn oníròyìn kò sì jẹ́ kí ìyẹn lọ lásán.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn bèèrè nígbà náà, tí wọ́n sì tún ń bèèrè ní gbogbo ìgbà tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ni pé báwo ni ohun tí mo ti san owó rẹ̀ tán yóò ṣe kúrò lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo mọ̀ sí i. Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti yé ènìyàn. Nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì ìrajà lórí fóònù, yálà ìwé ni o, fíìmù ni o, géèmù ni o, tàbí sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń tà fún wa ni àṣẹ láti lò ó, lábẹ́ àwọn òfin tí ó wà nínú ìwé àdéhùn gígùn kan tí a ti tẹ̀ pé a gbà láìkà. Ipò ayálégbé ni a wà. Ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ń sùn níbẹ̀, ó lè fi fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ kọ́ ògiri, kódà ó lè lo ogún ọdún nínú ilé náà. Síbẹ̀ onílé ni ó ni ilé, ìwé àdéhùn ni ó sì ń sọ ìgbà tí onílé lè wọlé àti ohun tí ayálégbé kò gbọdọ̀ ṣe.

Lójú tèmi, ohun tí ó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà dàrú mọ́ àwọn ènìyàn lójú ni pé wọ́n máa ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìròyìn òní a ní ilé-iṣẹ́ kan ti pa géèmù tí àwọn ènìyàn rà. Ìròyìn ọ̀la a ní áàpù kan ń kó nọ́ńbà inú fóònù àwọn ènìyàn jọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni méjèèjì. Sọ́fítíwíà kì í gbọ́ràn sí ẹni tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu. Ẹni tí ó kọ ọ́, tí ó sì lágbára láti yí i padà, ni ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ti di èyí mú, kò sí èyí tí yóò ṣe é ní kàyéfì nínú ìròyìn méjèèjì.

Ní ti ìwé orí bébà, wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé kan ní Amẹ́ríkà tí ó ń jẹ́ Bobbs-Merrill kọ ọ́ sínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á ní iye tí ó dín sí dọ́là kan, àti pé ẹni tí ó bá dán an wò ti rú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ. Ilé ìtajà Macy's ní New York ra ẹ̀dà ìwé náà, ó sì ń tà á ní sẹ́ńtì 89. Wọ́n pe ara wọn lẹ́jọ́ títí ọ̀rọ̀ fi dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti dájọ́ ní ọdún 1908 pé ẹ̀tọ́ tí òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé ní láti ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ wọn kò fún wọn láṣẹ lórí ẹ̀dà tí wọ́n ti tà tán. Ìlànà tí ó jọ èyí ni àwa náà ń tẹ̀lé láìronú sí i nígbà tí a bá ra àlòkù ìwé ní Yábàá, tí a bá yá ọ̀rẹ́ wa ní ìwé, tàbí nígbà tí ọmọ bá jogún àpótí ìwé bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí í lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ atẹ̀wé kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Sọ́fítíwíà bọ́ kúrò lábẹ́ ìlànà yìí nítorí bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó ń ka ìwé bébà kò nílò láti dà á kọ kí ó tó kà á, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè lo sọ́fítíwíà kankan láìkọ́kọ́ da á kọ sínú ara rẹ̀, àdàkọ gan-an sì ni ohun tí òfin fi sí ìkáwọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ gbà wọlé. Wọ́n ní àwọn kò ta nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, pé àṣẹ àdàkọ ni àwọn fúnni, àti pé ẹni tí ó bá gba àṣẹ náà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé òfin àwọn. Bí ẹ bá ní sùúrù láti ka ìwé àdéhùn tí ó bá Windows wá, ẹ óò rí i kedere níbẹ̀ pé Microsoft sọ pé òun kò ta sọ́fítíwíà náà, pé àṣẹ ìlò ni òun fún yín. Ní ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà gbe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ọkùnrin kan ń ta àlòkù AutoCAD, ìyẹn sọ́fítíwíà tí a fi ń ya àwòrán ilé àti ẹ̀rọ, lórí eBay tí í ṣe ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, Autodesk tí ó ṣe sọ́fítíwíà náà fẹ́ dá a dúró, ilé-ẹjọ́ sì sọ pé ẹni tí ọkùnrin náà ti rà á kò fìgbà kan jẹ́ olówó rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí ó ní láti tà.

Àwọn ará Yúróòpù fi ojú mìíràn wò ó. Ní ọdún 2012, Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ Yúróòpù sọ nínú ẹjọ́ UsedSoft, tí ó ń ta àlòkù sọ́fítíwíà, àti Oracle, tí ó ń ṣe sọ́fítíwíà, pé bí ilé-iṣẹ́ bá ti gba owó lẹ́ẹ̀kan fún àṣẹ tí kò ní gbèdéke ọjọ́, ó ti tà á nìyẹn, ẹni tí ó rà á sì lè tún un tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ ìwé orí ẹ̀rọ dé iwájú wọn ní ọdún 2019, wọn kò fi ojú kan náà wò ó: wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò lè máa tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ tà láìgba àṣẹ. Ohun tí ó ń fa ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nìyí. Ẹnìkan á ka ìròyìn láti Amẹ́ríkà, ẹlòmíràn á ka ti Jámánì, wọ́n á máa pe ara wọn ní òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ ni òdodo wà lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ ti àtúntà nìkan ni, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní bìkítà, nítorí ta ni ó ń ta àlòkù sọ́fítíwíà? Ohun tí ó ń dun ènìyàn ni pé ohun tí ó rà lè kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ géèmù Ubisoft gbé géèmù ìwakọ̀ kan tí ó ń jẹ́ The Crew jáde ní ọdún 2014. Géèmù náà kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ó bá kọ́kọ́ kàn sí server Ubisoft, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà bí ẹni tí ó ń gbá a bá dá nìkan wà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2024, Ubisoft pa server náà. Láti ọjọ́ yẹn, àwo tí àwọn ènìyàn rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó wà nínú páálí rẹ̀ nílé wọn, kò wúlò ju ohun tí a lè gbé ife tíì lé lọ. Ìbínú tí èyí fà ni Ross Scott, tí ó ń gbé fídíò jáde lórí YouTube, fi bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí wọ́n ń pè ní Stop Killing Games, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n sì kọ sí àwọn aláṣẹ Yúróòpù ti ní ju mílíọ̀nù kan ìbuwọ́lù lọ ní oṣù Keje ọdún 2025.

Àsìkò yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin kan ní California tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì túmọ̀. Òfin náà, tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ AB 2426, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025. Mo ti gbọ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé òfin náà kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ gba ohun tí a ti rà lọ́wọ́ wa mọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ pè é ní rírà láìsọ fún oníbàárà ní gbangba pé àṣẹ ìlò ni ó ń gbà, àyàfi bí ó bá jẹ́ ohun tí oníbàárà lè gbà sílẹ̀ pátápátá kí ó sì máa lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣì lè gbà á. Wọ́n kàn gbọ́dọ̀ ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ ni.

Ọ̀nà mìíràn tí nǹkan ń gbà bọ́ lọ́wọ́ wa ni owó oṣooṣù. Ṣáájú ọdún 2013, ẹni tí ó fẹ́ lo Photoshop, sọ́fítíwíà tí ilé-iṣẹ́ Adobe ṣe fún títún àwòrán ṣe, lè rà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa lò ó títí kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò fi dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún 2013 ni Adobe kéde pé ẹ̀dà tuntun rẹ̀ kò ní sí fún irú títà bẹ́ẹ̀ mọ́, pé kí oníbàárà máa san owó bí oṣù bá ṣe ń yí. Ní ìlú tí owó rẹ̀ dúró sójú kan, ìyàtọ̀ náà lè má hàn púpọ̀. Ní Nàìjíríà, ó di wàhálà. Nígbà tí dọ́là wọ́n ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín iye tí ènìyàn lè fi káàdì náírà ná sí òkè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Ẹni tí ó ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti pátákó ìpolówó ní Múṣin tàbí ní Òṣogbo lè ní owó lọ́wọ́, kí ó sì fẹ́ san án tinútinú, kí káàdì rẹ̀ kọ̀. Bí oṣù bá ti parí, sọ́fítíwíà náà kò ní jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ mọ́, iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tí oníbàárà rẹ̀ ti san àsansílẹ̀ lé lórí, á sì wà nínú fáìlì tí ó ń wò láti ìta. Ẹnìkan kò jẹ ẹnìkan ní gbèsè. Àdéhùn ni ó parí.

Ibẹ̀ náà ni kíráàkì, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tí a fi ń ṣí sọ́fítíwíà olówó láìsan owó rẹ̀, ti ń wọlé. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ó ń gba Computer Village ní Ìkẹjà kọjá, Windows tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni san owó rẹ̀ fún Microsoft. N kò kọ èyí láti bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìwà, nítorí iye tí wọ́n ń pè é ga ju agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àlàyé ni mo fẹ́ ṣe fún àwọn tí ó gbà pé kíráàkì ti sọ wọ́n di olówó sọ́fítíwíà. Ohun àkọ́kọ́ tí ìtọ́sọ́nà kíráàkì sábà máa ń sọ ni pé kí ẹ pa sọ́fítíwíà tí ó ń lé kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ohun kejì ni pé kí ẹ fún kíráàkì náà ní àṣẹ tí ó ga jù lọ lórí ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò ní orúkọ, kò ní àdírẹ́sì, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí a lè pè é sí. A kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá tí a mọ ilé rẹ̀, a bọ́ sọ́wọ́ èyí tí a kò mọ̀.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà ní àpẹẹrẹ tiwa, ó sì wù mí kí n dúró lé e lórí díẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé fáìlì lè wà lọ́wọ́ ènìyàn kí ó má sì ní in. Kí Unicode, ìlànà tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń tẹ ìwé Yorùbá máa ń lo fọ́ǹtì àdáni, ìyẹn àkójọ àwòrán lẹ́tà, tí ẹnìkan ti yí àwọn àwòrán inú rẹ̀ padà. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun tí wọ́n tẹ̀ lè jẹ́ àmì owó tàbí àkámọ́. Fọ́ǹtì náà ni ó máa ń ya ẹ tàbí ṣ sí ojú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ǹtì náà bá wà lórí ẹ̀rọ, gbogbo rẹ̀ á máa dán, ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ á pé pérépéré. Gbé fáìlì kan náà lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, ọ̀rọ̀ bí "ẹ̀ṣọ́" á di àmì jágbajàgba tí ẹnikẹ́ni kò lè pè. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè wà bẹ́ẹ̀, àkójọ oríkì wà bẹ́ẹ̀, ìwé ìlànà ìsìn náà wà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gba fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ ọ́, orí díísìkì tirẹ̀ ni ó wà, síbẹ̀ kò lè ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Unicode yanjú èyí nítorí pé àdéhùn gbogbogbòò ni, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo kò ni ín: nọ́ńbà tí ó dúró fún ẹ níbí ni ó dúró fún un ní Bràsílì àti ní Lọ́ńdọ́nù. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tí ó bá bi mí pé, yàtọ̀ sí fáìlì tí sọ́fítíwíà kan ṣoṣo lè ṣí, kí ó tún tọ́jú ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀ sí oríṣi tí sọ́fítíwíà púpọ̀ lè ṣí, bíi PDF tàbí ọ̀rọ̀ lásán.

Ọ̀rọ̀ àṣírí ló kù, inú rẹ̀ sì ni ohun tí mo wí nípa ìgbọ́ràn ti hàn jù. Ẹ wo àwọn áàpù ayánilówó tí wọ́n gbilẹ̀ lórí fóònù ní Nàìjíríà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀wà ń wá 20,000 náírà láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gba áàpù náà sórí fóònù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀ pàápàá, àpótí kékeré kan yọ lójú fóònù, ó ń bèèrè bóyá kí áàpù náà lè rí àwọn nọ́ńbà tí ó fi pamọ́. Ìyá náà tẹ "Allow". Òmíràn yọ, ó bèèrè àwọn fọ́tò. Òmíràn tún yọ, ó bèèrè àwọn àtẹ̀jíṣẹ́. Bí ó bá kọ̀, áàpù náà á dá a padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́, owó wọlé, ó dúpẹ́. Ohun tí kò rí ni pé láàárín ìwọ̀nba àkókò yẹn, gbogbo ẹni tí ó wà nínú fóònù rẹ̀, "Bùrọ̀dá Wàsíù Mẹkáníìkì", "Ìyá Ọkọ", "Pásítọ̀", "Àlhájà Aṣọ Ẹbí", ti gòkè lọ sórí server àwọn tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí ọjọ́ àtisan pé tí owó kò sì pé, àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù gbogbo wọn pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀: oníjìbìtì ni, ó ti sá lọ, ìwọ ni ó fi ṣe onídùúró.

Àwọn tí ó gbèjà irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ pé ó fọwọ́ sí i. Ó fọwọ́ sí i lóòótọ́, bí títẹ bọ́tìnnì nígbà tí ọ̀ràn owó ilé-ẹ̀kọ́ ń gbóná bá jẹ́ ìfọwọ́sí. Ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá Wàsíù ńkọ́? Kò yá owó, kò gba áàpù kankan, kò tẹ nǹkan kan. Nọ́ńbà rẹ̀ di ti áàpù nítorí pé ó tún ọkọ̀ ẹnìkan ṣe nígbà kan rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò nípa àṣírí nìyí: èyí tí ó wà nínú fóònù mi, apá kan rẹ̀ ni tèmi, ti àwọn ẹlòmíràn ni ó pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tí ó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko Lending nítorí irú ìwà yìí. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, FCCPC, àjọ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà, ní kí gbogbo áàpù ayánilówó wá forúkọ sílẹ̀. Láti òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Google náà ti kà á léèwọ̀ fún àwọn áàpù ayánilówó tí ó wà lórí Play Store láti máa wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù ènìyàn. Àwọn tí ó ń fi fáìlì áàpù wọn ránṣẹ́ tààrà láti ọwọ́ dé ọwọ́ wà lẹ́yìn òde èèwọ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un tí ó kan àwa òǹkọ̀wé. Nítorí àmì ohùn, ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń gba kíbọọ̀dù èyíkéyìí tí a bá rí tí ó ní ẹ, ọ àti ṣ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan irú kíbọọ̀dù bẹ́ẹ̀ lórí Android, fóònù á kìlọ̀ fún yín pé ó lè máa gba gbogbo ohun tí ẹ bá ń tẹ̀ sílẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà àti nọ́ńbà káàdì báńkì. Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe àṣà lásán. Bí iṣẹ́ kíbọọ̀dù ṣe rí nìyẹn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tún wà tí ó máa ń yí ká, àgàgà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn mọ̀lẹ́bí, pé láti ọ̀la lọ ni Facebook yóò máa lo fọ́tò wa, pé kí a da ọ̀rọ̀ kan báyìí kọ sójú ewé wa láti fi kọ̀ fún wọn. Kò já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ènìyàn ṣí àkáǹtì ni ó ti ṣe àdéhùn, ọ̀rọ̀ tí ó bá sì gbé sójú ewé ara rẹ̀ lẹ́yìn náà kò lè tún àdéhùn náà kọ. Ohun tí ó lè yí nǹkan padà ni àtúntò inú áàpù fúnra rẹ̀, tàbí òfin, tàbí kí ènìyàn kúrò níbẹ̀.

Ní ti WhatsApp, méjì ni àwọn tí ó ń ṣìnà. Àwọn kan ní Meta, ilé-iṣẹ́ tí ó ni WhatsApp àti Facebook, ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ wa. Àwọn mìíràn ní kò mọ nǹkan kan nípa wa. Láti ọdún 2016 ni WhatsApp ti ń ti ọ̀rọ̀ pa láti fóònù ẹni tí ó kọ ọ́ dé fóònù ẹni tí a kọ ọ́ sí, nítorí náà ilé-iṣẹ́ kò lè ka ohun tí ẹ kọ sí ara yín. Ṣùgbọ́n ó mọ nọ́ńbà yín, ó mọ ẹgbẹ́ tí ẹ wà, ó mọ irú fóònù tí ẹ ń lò, ó sì mọ ìgbà tí ẹ wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń fi ìyẹn ṣe ni ó fa ẹjọ́. Nítorí ìlànà àṣírí tí WhatsApp gbé jáde ní ọdún 2021, FCCPC bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta ní oṣù Keje ọdún 2024, lára ohun tí wọ́n sì fi kàn án ni pé kò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní irú àǹfààní tí ó fún àwọn ará Yúróòpù. Ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹ̀hónú Meta fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2025.

Ìgbàgbọ́ pé fóònù ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa, pé a sọ̀rọ̀ bàtà lánàá tí ìpolówó bàtà sì yọ lónìí, wọ́pọ̀ gan-an. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Northeastern ní Amẹ́ríkà yẹ áàpù Android tí ó ju 17,000 lọ wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018: wọn kò rí èyí tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni áàpù tí ó ń ya ohun tí ó wà lójú fóònù, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìsọ fún ẹni tí ó ń lò ó. Kò pọn dandan kí wọ́n gbọ́ ohùn yín nígbà tí ẹ ti wá bàtà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹni tí ẹ jọ ń lo Wi-Fi kan náà sì ti rà á.

Ọ̀nà kan wà láti ní sọ́fítíwíà ní ti gidi, ó sì ti pẹ́ ju gbogbo ìròyìn wọ̀nyí lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun kan tí ilé-iṣẹ́ Xerox fún yàrá ìwádìí kan ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà, máa ń há bébà. Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti tún sọ́fítíwíà ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe tẹ́lẹ̀ kí ó lè máa sọ fún àwọn ènìyàn nígbà tí bébà bá há. Ó fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ sí tuntun yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí a kọ láti fi ṣe sọ́fítíwíà náà, lọ́wọ́ kò fún un, nítorí pé ó ti ṣèlérí fún ilé-iṣẹ́ pé òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1983, Stallman kéde iṣẹ́ GNU, láti ṣe sọ́fítíwíà tí ẹnikẹ́ni lè lò kí ó sì yí padà, láti inú rẹ̀ sì ni ìwé àṣẹ GPL ti jáde ní ọdún 1989, èyí tí ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti lo sọ́fítíwíà, láti wo kóòdù rẹ̀, láti yí i padà àti láti fún ẹlòmíràn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti ṣe bákan náà. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, sọ́fítíwíà ìpìlẹ̀ tí ó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ọdún 1991, ó sì gbé e sábẹ́ ìwé àṣẹ yìí. LibreOffice tí a fi ń kọ ìwé àti VLC tí a fi ń wo fíìmù náà wà lára irú sọ́fítíwíà tí kóòdù wọn wà ní gbangba. Bí àwọn tí ó ṣe wọ́n bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́la, ẹlòmíràn lè gbé e, kò sì sí server kan tí wọ́n lè pa tí yóò mú kí LibreOffice orí kọ̀ǹpútà yín kọ iṣẹ́.

Àìgbowó lásán kò sọ áàpù di irú èyí o. Áàpù ayánilówó yẹn kò gba kọ́bọ̀ kí ó tó wọ fóònù, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni lóde kò rí kóòdù rẹ̀. Android pẹ̀lú, Linux ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Google àti ẹni tí ó ṣe fóònù kó lé e lórí kò sí lábẹ́ àṣẹ wa. Kò sì sí kóòdù gbangba tí ó lè gba nọ́ńbà Bùrọ̀dá Wàsíù padà lórí server tí ó ti dé.

Òfin nìkan ni ó lè ṣe ìyẹn. Yíyọ áàpù kúrò lórí fóònù kò yọ ohun tí ó ti kó lọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Nàìjíríà ṣe Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni, tí ó fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ní lọ́wọ́ nípa òun, láti ní kí wọ́n tún èyí tí kò tọ́ ṣe, àti láti ní kí wọ́n pa á rẹ́ bí wọn kò bá ní ìdí tí òfin gbà láti máa tọ́jú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ni ènìyàn máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé náà àti ọjọ́ tí ó fi ránṣẹ́. Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí bí wọ́n bá kọ̀, NDPC, àjọ tí òfin náà dá sílẹ̀, ni ó kàn láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Bùrọ̀dá Wàsíù tí kò yá owó náà ní ẹ̀tọ́ láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.